Ọ̀nà Mọ́tò Nínú Ọgbà Tó Ṣe Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́
Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Navy Town, Ọ̀jọ́ kò lókè bí Ìbàdàn, àmọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ ti tó láti da òjò oṣù kẹfà wọ yàrá. Kí a tó fi owó ẹ̀yáwó tẹ́ ọ̀nà mọ́tò sínú ọgbà, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí omi yóò gbà. Bí ilẹ̀ bá rẹlẹ̀ sọ́dọ̀ ilé, ẹ la gọ́tà síwájú ilé, kó gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Kí ojú ọ̀nà fi sẹ̀ǹtímítà 2 tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Kí a da kọnkéré sí etí rẹ̀, kí búlọ́ọ̀kù má baà yọ̀. Ẹ má darí omi sọ́gbà aládùúgbò o: ọmọ ẹgbẹ́ lòun náà, ọ̀dọ̀ wa lẹjọ́ ń bọ̀.