Ẹyẹ Ojú Òkun àti Ẹranko Orí Igi: Ta Ni Ọ̀lẹ Nínú Wọn?

Níhìn-ín ní Kàdúná, òkun jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkun ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹyẹ kan ń bẹ lójú òkun ní ìhà gúúsù ayé tí à ń pè ní albatross. Bí èyí tó tóbi jù nínú wọn bá na ìyẹ́ rẹ̀, ó lè tó mítà 3.5. Ẹnì kejì rẹ̀ ni sloth, ẹranko tó ń gbé orí igi nínú igbó Amẹ́ríkà ti àárín àti ti gúúsù. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un, ọ̀lẹ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni orúkọ rẹ̀ rí lẹ́nu àwọn ará Bràsíl.

A ń yin ẹyẹ, a ń bú ẹranko. Bẹ́ẹ̀ albatross kì í fi bẹ́ẹ̀ lu apá. Iṣan kan ní èjìká rẹ̀ ló ń mú kí ìyẹ́ náà dúró ní nínà, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé e lọ. Bó ti ń fò báyìí, ọkàn rẹ̀ kì í lù kíkankíkan ju ti ìgbà tó bá ń sinmi lọ. Sloth ní tirẹ̀ ń fi èékánná gígùn kọ́ ẹ̀ka igi. Ewé tó ń jẹ kò fún ara lágbára púpọ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀ wá yàgbẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rẹ́rìn-ín o! Àwọn méjèèjì ló ń ṣọ́ agbára ná.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba, mo kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò ọmọ iṣẹ́ mi kan pé ó ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Lọ́dún náà, fáìlì tirẹ̀ nìkan ni kò ní àṣìṣe. N kò pa ohun tí mo kọ rẹ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Albatross ńlá yìí ń yé ẹyin kan péré ní ọdún méjì, ọmọ kan ni sloth náà ń bí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ń pa wọ́n, wọn kì í tètè pọ̀ padà. Albatross a gbé ìjẹ ẹnu ìwọ̀ àwọn apẹja mì, ìwọ̀ a sì fà á rì. Ní àyíká erékùṣù South Georgia, wọ́n wá ń ju okùn ìwọ̀ ní òru, wọ́n sì so ohun wúwo mọ́ ọn kó lè tètè rì. Ikú ẹyẹ níbẹ̀ dín kù gidigidi. Ní Costa Rica, níbi tí títì ti la igbó kọjá, sloth máa ń gun wáyà iná bí ẹni gun ẹ̀ka, iná a sì gbé e. Wọ́n ti ń ta okùn láti igi kan sí èkejì lókè títì báyìí, kó lè rọra gba ibẹ̀ kọjá.