Etí Ṣáájú Ojú: Bí A Ṣe Gbọ́ Ìbẹ̀rẹ̀ Ogun Abẹ́lé



Bí ẹ bá bi àgbàlagbà tó ti gbọ́njú ní ọdún 1967 bí ó ṣe mọ̀ pé ogun ti bẹ́ láàrin ìjọba àpapọ̀ àti Biafra, kì í pẹ́ tí yóò fi máa sọ ohun tó fojú rí lórí tẹlifíṣọ̀n: ọmọdé tí egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, tí ikùn rẹ̀ wú, tí irun orí rẹ̀ ti pọ́n. Òótọ́ ni àwòrán yẹn. Àmọ́ kì í ṣe àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ ogun. Ọjọ́ 6 oṣù Keje 1967 ni ìbọn kọ́kọ́ dún. Àwòrán àwọn ọmọ tí ebi ń pa kò gba ayé kan àfi nígbà tí ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo, nígbà tí ìwé ìròyìn Sun ní Lọ́ńdọ̀n gbé e jáde ní oṣù Kẹfà 1968, tí Life ti Amẹ́ríkà sì fi í ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Keje. Ohun tó wọ ilé wa ní 1967, ohùn ni. Etí la fi pàdé ogun yẹn. Ojú la wá fi ń rántí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ogun náà gbọ́dọ̀ padà lọ bi etí.

Ẹ má ṣe rò pé tẹlifíṣọ̀n kò sí nígbà náà. WNTV Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló dá a sílẹ̀. Enugu ní tirẹ̀ ní ọjọ́ òmìnira gan-an, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1960. Kàdúná àti Èkó tẹ̀lé e ní 1962. Ṣùgbọ́n ta ló ní ẹ̀rọ náà nílé? Dókítà, lọ́yà, olóyè, oníṣòwò ńlá. Àwọn yòókù ń wòran láti ojú fèrèsé. Fíìmù ni wọ́n sì fi ń ya ìròyìn. Ẹni tó bá ya ogun ní Nsukka gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé fíìmù rẹ̀ kúrò lójú ìjà, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n gé e, kí wọ́n tò ó, kí ẹnikẹ́ni tó lè rí i. Kí gbogbo ìyẹn tó parí, ìlú tí wọ́n ń jà lé lórí lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Rédíò ló ní ọjọ́ náà. Rédíò pàápàá sì pín sí méjì. Rédífúṣọ̀n ni àpótí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, tí wáyà so ó pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́. Ó ti dé Èkó láti 1935, Ìbàdàn sì rí i kí 1940 tó dé. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ìgboro ti gbọ́ ìròyìn ogun Hitler. Ẹni tó gbà á ń sanwó oṣooṣù, ohun tí ilé iṣẹ́ bá sì fi ránṣẹ́ ni yóò gbọ́. Kò sí ibùdó mìíràn tó lè yí i sí. Rédíò oníbátìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ṣeé gbé kiri, ó sì ní ohun tí à ń yí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yí á kúrò ní Èkó, á bọ́ sí Enugu, á tún bá BBC ní Lọ́ńdọ̀n, láì tíì dìde lórí àga. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn dáadáa: ní 1967, ogun tí ẹni tó ní àpótí ara ògiri gbọ́ àti èyí tí ẹni tó ní rédíò oníbátìrì gbọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé àdúgbò kan.

Etí wa sì ti kọ́ ìbẹ̀rù kí ọdún yẹn tó dé. Orí rédíò Kàdúná ni Ọ̀gágun Nzeogwu ti kéde ìdìtẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966. Orí rédíò ni a ti gbọ́ ohùn Gowon, olórí ìjọba ológun tuntun, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, lẹ́yìn ìdìtẹ̀ kejì. Bí orin ológun bá ti ń dún níbi tó yẹ kí ètò mìíràn wà, ìyá ọlọ́jà á ti máa kó igbá. Ní Àríwá, ní ọdún 1966 yẹn, wọ́n pa àwọn Ìgbò ní ìpa ìkà, ọ̀pọ̀ tó ṣẹ́kù sì sá padà sí Ìlà-Oòrùn. Nígbà tí àwọn ọ̀gágun pàdé ní Aburi, ní Gánà, ní oṣù Kìíní 1967, wọ́n ṣe àdéhùn, kálukú darí sílé, ìtumọ̀ tí Èkó, ibùjókòó ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, fún àdéhùn náà kò sì bá ti Enugu, olú-ìlú Ìlà-Oòrùn, mu. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, Gowon kéde ìpínlẹ̀ 12 àti òfin pàjáwìrì. Ní ọjọ́ 30, Ojukwu, gómìnà ológun Ìlà-Oòrùn, kéde pé ẹkùn náà ti di orílẹ̀-èdè Biafra.

Nígbà tí ìbọn wá dún, Èkó pè é ní iṣẹ́ ọlọ́pàá. Bí ẹni pé àwọn ọ̀daràn kan ni wọ́n fẹ́ lọ mú, tí wọ́n á sì padà dé láìpẹ́. Enugu ní àwọn ń gba orílẹ̀-èdè àwọn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa àwọn run. Mo gbà pé ẹ̀bi orúkọ tí Èkó lò yẹn pọ̀ gan-an. Ó jẹ́ kí àwọn èèyàn apá ibí rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Oṣù 30 ni ogun náà gbà. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni, kì í tètè béèrè iye òkú.

Bàbá mi ní rédíò oníbátìrì kan, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí awọ màlúù. Bí ìròyìn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé á dákẹ́. Á gbọ́ Èkó tán pẹ̀lú ohùn gbangba, kí àwọn ará ilé lè gbọ́. Lẹ́yìn náà á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á gbé e súnmọ́ etí, á wá Enugu. A kì í bi í léèrè ohun tó gbọ́. Ojú rẹ̀ la máa ń wò.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ ogun Biafra gba odò Ọya kọjá, wọ́n gba Benin, wọ́n sì forí lé Ọ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá, Victor Banjo, ló ń darí wọn. Níbí ni àgbàlagbà Oǹdó tàbí Ìjẹ̀bú ti ń sọ ìtàn tó yàtọ̀ sí ti ará Ìbàdàn, torí pé ní ojú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, awakọ̀ ló ń ṣe rédíò. Ẹni tó bá padà láìdé ibi tó ń lọ ti mú ìròyìn wá tí ilé iṣẹ́ kankan kò tíì kà. Àwọn Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù yẹn, ẹni tó wà nítòsí ogun gan-an ni kò mọ èwo ni kóun gbà gbọ́: ohùn Èkó ni, ohùn Benin tó ti di ti Biafra ni, tàbí awakọ̀ tó ń làágùn níwájú rẹ̀.

Enugu bọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 1967. Rédíò Biafra kó kúrò níbẹ̀, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, kò sì dákẹ́. Ohùn Okokon Ndem, tí í ṣe agbóhùnsáfẹ́fẹ́ wọn, di ohun tí àwọn ọ̀tá Biafra pàápàá mọ̀. Orí rédíò yẹn náà ni Philip Effiong, tó rọ́pò Ojukwu, ti kéde ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 1970 pé àwọn fẹ́ dá ìjà dúró.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé àìsí ẹ̀rọ ló jẹ́ kí etí ṣáájú ojú nínú ogun wa, kó wo Baghdad ní 1991. Ní òru tí Amẹ́ríkà àti àwọn tó tì í lẹ́yìn kọ́kọ́ ju bọ́ǹbù síbẹ̀, Bernard Shaw, John Holliman àti Peter Arnett ti CNN wà ní hótẹ́ẹ̀lì al-Rashid. Wáyà tẹlifóònù ni wọ́n fi ń ròyìn. Ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n ni máàpù àti fọ́tò. Ẹ̀yìn náà ni àwòrán iná tó ń fò lójú ọ̀run wá dé. Síbẹ̀ iná yẹn ni àwọn tó wà lójúfò ní òru náà máa ń sọ pé àwọn ń wò bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ọkàn ẹ̀dá kì í fẹ́ kí ohùn dá wà. Bí àwòrán bá dé lẹ́yìn, á gbé e padà lọ síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ ìyá àti bàbá yín àgbà pé kí ni wọ́n rí. Ẹ bi wọ́n pé irú rédíò wo ló wà nílé, ta ló ni ín, èdè wo ni rédíò náà fi ń sọ̀rọ̀, wákàtí wo ni wọ́n ń tàn án, ta ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù yín, ẹ kọ ọjọ́ àti ìlú sí i. Kí ẹ tó dé ìgbà ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ wá ọ̀rẹ́ tó jẹ́ Ìgbò, kí ẹ jọ lọ bi ìyá àgbà tirẹ̀ náà ní ìbéèrè kan náà nípa ọjọ́ 6 oṣù Keje 1967, nítorí obìnrin náà gbọ́ ibùdó mìíràn, a kò sì tíì gbé ohun tó gbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tiwa.