Kí Ilé Má Bàa Wó Nítorí Gbèsè

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí ìdílé tí ó bọ́ sínú gbèsè ńlá, tí ó sì ń wá ọ̀nà àtijáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí àwa ará Gonin Gora. Kaduna Textiles Limited, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2002. United Nigerian Textiles náà dá iṣẹ́ dúró ní 2007. Ọ̀pọ̀ baálé ilé kò rí owó oṣù gbà mọ́. Ní oṣù Kejì 2024, àwọn ará àdúgbò wa dí òpópónà Kaduna sí Abuja láti fi ẹ̀hónú hàn nítorí àwọn ajínigbé. Bí a bá jí ènìyàn gbé, ẹbí rẹ̀ a ta ilẹ̀, wọn a ta ọ̀kadà, wọn a sì yá owó lọ́wọ́ ẹni gbogbo. Ẹni tí a gbé lọ lè padà wálé, ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ a kù sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí onígbèsè kí ó sáré pè é ní onínàákúnàá.

Láyé àwọn baba wa, àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò a máa ta aṣọ láwìn káàkiri. Bí ọjọ́ bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn a ní òṣòó ni àwọn yóò ló títí owó yóò fi jáde. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Lóde òní, òṣómàáló ti wọ inú fóònù. Àwọn ayánilówó kan a máa ránṣẹ́ èébú sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ onígbèsè. Ìwà náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí FCCPC, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà, fi gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún wọn ní 2022.

Ẹ má ṣe tìtorí ìtìjú yá owó tuntun san ti àtijọ́. Ẹni tí ó yá ₦100,000 ní èlé ₦10,000 lóṣù yóò san èlé ₦120,000 lọ́dún kan, síbẹ̀ ₦100,000 náà wà níbẹ̀ digbí. Gbèsè tí èlé rẹ̀ wúwo jù lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ.

Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4, olówó fẹ́ kó ọmọ opó kan méjèèjì lẹ́rú. Wòlíì Èlíṣà kọ́kọ́ bi obìnrin náà léèrè ohun tí ó kù nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí òróró rẹ̀ sì pọ̀ tán, ó ní kí ó tà á, kí ó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ èyí tí ó kù. Ẹ ṣàkíyèsí pé Wòlíì kò ní kí ebi pa ọmọ kí gbèsè tó tán.

Èkíní, ẹ yẹ ilé yín wò. Kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n kọ gbogbo gbèsè sínú ìwé kan. Gbèsè tí ọkọ fi pamọ́ fún ìyàwó, tàbí tí ìyàwó fi pamọ́ fún ọkọ, ni í tú ilé ká. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ẹni tí ẹ jẹ lówó kí ó tó wá bá yín. Owó kékeré tí ẹ lè máa san ni kí ẹ ṣèlérí rẹ̀.

Èkejì, ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọkà àti ẹ̀wà a máa dínwó lẹ́yìn ìkórè. Dípò kí ìdílé mẹ́ta máa ra mudu kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, kí wọ́n dáwó jọ ra odidi àpò, kí wọ́n pín in. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ a máa pa kòkòrò inú ẹ̀wà láìlo oògùn. Ẹ̀wà tí a rẹ sómi mọ́jú kì í jẹ èédú tàbí gáàsì púpọ̀. Bí ẹran bá wọ́n, àwàrà tí a fi sóyà ṣe ń bẹ ní ọjà wa. Ewé zogale sì ń bẹ lẹ́yìnkùlé. Kúnú tí a ṣe nílé yóò gba ipò mínírà inú ìgò.

Ẹ̀kẹta, láti òkè ni kí ẹ ti máa gé e. Igò ọtí baba, aṣọ ẹbí ìyá àti káàdì fóònù ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kí ó tó kan àwo ọmọ. ₦300 lójúmọ́ jẹ́ ₦9,000 lóṣù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ kan oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ó bá pa á tì lè dèrò ilé ìwòsàn, gbèsè mìíràn a sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ máa fi díẹ̀ pamọ́, kí ibà ọmọ má bàa lé yín padà sọ́dọ̀ olówó èlé. Bí ó bá jẹ́ alájọ ni ẹ ń fún, ẹ rántí pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èésú, ẹ má ṣe dù láti kọ́kọ́ kó o, nítorí gbèsè ni owó tí a kọ́kọ́ kó.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí ẹ̀gàn nínú pé ìdílé kan jẹ ọbẹ̀ aláìlẹ́ran fún ọdún kan, kí ó lè tún gbójú sókè láàárín ẹgbẹ́. Ẹ̀yin aládùúgbò, bí ẹ bá rí i pé wọn kò ra aṣọ ẹbí, ẹ má ṣe fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni gbèsè ń tán.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó sì sọ ìdè gbèsè di títú nínú gbogbo ilé tí ń gbọ́ wa. Nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.