Ta Ni Kí Ó Kọ Oògùn Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Fún Wa?

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa

 

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Ìyẹn ń bọ̀ lẹ́nu akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà láàyè ló ń fọwọ́ gba owó oṣù, ìlera sì ni oògùn ọrọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí alága fún mi láyè díẹ̀.

Ọ̀rá kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí àwọn dókítà ń pè ní kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ọ̀tá wa láti ilẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, a máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, bí ìdọ̀tí ṣe ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù omi. Bí ọ̀nà bá dí níbi ọkàn, àìsàn ọkàn dé. Bí ó bá dí nínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé. Kì í dunni, kì í fa ibà, kì í fa orí fífọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń tú u fó.

Oògùn wà fún un, oògùn gidi sì ni. Ará Japan kan, Akira Endo, ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ní 1987, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tó kọ́kọ́ jáde sọ́jà lọ́dọ̀ wọn. Ní 1994, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti àríwá Yúróòpù, lórí 4,444 ènìyàn tí ọkàn wọn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu: ikú dín kù ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 láàárín àwọn tó lo oògùn náà. Orúkọ tí ẹ ó máa rí lára páálí rẹ̀ ni atorvastatin, rosuvastatin tàbí simvastatin.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni a ó ti gbà á? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. N kò ní fi ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ. Tèmi ni n ó sọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ mi ti pọ̀ jù. Mo mú ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lórí káàdì mi. Wọn kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fún mi ní fítámìn. Inú bí mi. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì àdúgbò wa lọ. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ta simvastatin fún mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Lẹ́yìn oṣù kan, ikọ́ mú mi. Mo tún padà síbẹ̀, ó tún ta clarithromycin fún mi. Mo ń lo méjèèjì pọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí itan mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, n kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ìtọ̀ mi sì dúdú bí kóòkì.

Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ìyàwó ẹlẹgbẹ́ wa, òun ló ní kí n sáré lọ sí ọsibítù. Dókítà ibẹ̀ ṣàlàyé pé oògùn méjèèjì kì í bá ara wọn gbé. Èyí tí mo rà fún ikọ́ kò jẹ́ kí ara mi lè tú ti ọ̀rá dànù. Ó wá pọ̀ jù, ó sì ń ba ẹran ara mi jẹ́. Ó ní bí mo bá tún fi falẹ̀ ni, kíndìnrín mi ni ì bá kàn. Ẹ gbọ́ mi yé o: oògùn náà kọ́ ló burú. Àìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ ló burú.

Ẹ kò nílò dókítà àgbà tó mọ̀ nípa ọkàn nìkan. Dókítà gbogboogbò lè kọ ọ́, bí ó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Báyìí ni ẹ ó ṣe dá a mọ̀.

Èkínní, yóò ṣe àyẹ̀wò kí ó tó kọ oògùn. Kì í ṣe ti ọ̀rá nìkan. Yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò wo ṣúgà, yóò sì wo ẹ̀dọ̀.

Èkejì, yóò bi yín ní ìbéèrè: ọjọ́ orí, sìgá, bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti ní rọpárọsẹ̀ rí, oògùn mìíràn àti àgbo tí ẹ ń mu. Ẹ má fi àgbo pa mọ́ fún un. Ẹ̀yin obìnrin, bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ń retí rẹ̀, ẹ tètè sọ.

Ẹ̀kẹta, yóò wo gbogbo ara, kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà yìí ti dẹ́rù ba ẹlẹgbẹ́ wa kan rí. Ilé àyẹ̀wò kan kọ 5.2 fún un, òmíràn kọ 200, ó ní ikú dé. Iye kan náà ni! Òṣùwọ̀n mmol/L ni ti àkọ́kọ́, mg/dL ni ti èkejì.

Ẹ̀kẹrin, yóò dá ọjọ́ tí ẹ ó padà wá, ní nǹkan bí oṣù kan sí mẹ́ta, kí ó lè mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ilé apòògùn gidi ni kí ẹ gbé ìwé rẹ̀ lọ. Ìwé àṣẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kéékèèké kò fún wọn láyè láti ta irú oògùn yìí, ká má tilẹ̀ sọ ti àwọn tó ń polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí.

Ọ̀rọ̀ káàdì wá kù. Òfin NHIA tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 ti sọ ìnṣọ́ránsì ìlera di dandan. Owó wa ni wọ́n ń yọ, kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe wá. Bí ilé ìwòsàn orí káàdì yín kò bá kà yín sí, ẹ má dákẹ́ bí èmi ṣe dákẹ́. Ẹ kọ ẹjọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ohun tí ẹ béèrè, ohun tí wọ́n wí. Ẹ mú un wá fún mi, a ó gbé e lọ bá HMO. Báyìí ni mo ṣe pààrọ̀ tèmi. Bí dókítà bá sì ní kí ẹ lọ sí ọsibítù ńlá, ẹ gba ìwé rẹ̀ àti kóòdù HMO kí ẹ tó lọ, kí wọ́n má baà ní kí ẹ fowó ara yín san án.

Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ sọ fún dókítà. Alẹ́ ni wọ́n máa ń ní kí á lo simvastatin, ṣùgbọ́n atorvastatin àti rosuvastatin ṣeé lò nígbàkígbà, bí ó bá ti jẹ́ àkókò kan náà lójoojúmọ́. Bí nọ́ńbà bá wálẹ̀, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Oògùn ló fà á wálẹ̀. Bí ara bá ń ro yín tàbí tí ìtọ̀ dúdú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ rí dókítà. Oògùn kò sì ní kí ẹ máa mu sìgá tàbí kí ẹ máa jẹ ẹran ọlọ́ràá.

Alága, ẹ̀bẹ̀ kan ni n ó fi parí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ rí dókítà ní ọjọ́ iṣẹ́, wọ́n ń gé owó rẹ̀. Ohun tó ń lé wa sọ́dọ̀ kẹ́míìsì nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ̀ka yìí gbé e síwájú àwọn aláṣẹ, kí òṣìṣẹ́ tó bá mú ìwé ọsibítù wá má pàdánù owó ọjọ́ náà. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kí ó nawọ́ sókè.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. A nílò ara wa.