Àrùn Kò Mọ Onílé, Kò Mọ Àlejò

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ti pẹ́, ó sì jìnnà, ṣùgbọ́n ó kàn wá.

Ní ọdún 1918, Ogun Àgbáyé Kìíní ń jà lọ́wọ́. Amẹ́ríkà ti wọ ogun náà láti 1917. Àwọn ará Ítálì, Pólándì, Rọ́ṣíà àti Jámánì pọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe. Owó wọn kéré, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn fún ara wọn mọ́ inú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ dáadáa.

Nígbà náà ni àrùn influẹ́ńsà dé. Ikọ́ ni, ibà ni, títí aláìsàn kò fi ní lè mí mọ́. Ó pa nǹkan bí 675,000 ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe arúgbó àti ọmọdé nìkan: ó pa géńdé, ó pa abiyamọ. Ọmọ púpọ̀ di ọmọ òrukàn.

Ta ló fà á? Ìbéèrè tí ẹlẹ́rù máa ń bèèrè nìyẹn. Àwọn kan ní ará Jámánì ló fi kòkòrò àrùn sínú oògùn ásípírìn. Irọ́ ni. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ló gbé e wá. Irọ́ ni. Ní ìlú Denver, àwọn ará Ítálì ni wọ́n ń nàka sí. Wọ́n tilẹ̀ sọ àrùn náà ní àrùn Sípéènì. Ṣé Sípéènì ló ti bẹ̀rẹ̀ ni? Rárá o! Sípéènì kò sí nínú ogun, nítorí náà ìwé ìròyìn wọn kọ òtítọ́ síta. Àwọn ìlú tó ń jagun ń fi tiwọn pamọ́. Ẹni tó sọ òtítọ́ ni wọ́n wá fi àrùn sọ lórúkọ.

Ẹ gbọ́ o: ẹni tí a bá nàka sí, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò fi aláìsàn rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀rù kì í wo àrùn, ńṣe ló ń tàn án kálẹ̀. A rí i nílé wa níhìn-ín. Ní September 1918, ọkọ̀ òkun gbé àrùn yìí kan náà dé Èkó. Wolé-wolé ń wá aláìsàn láti ilé dé ilé. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn, ọ̀pọ̀ sá lọ sí ìlú òkè, àrùn sì bá wọn lọ.

Kí ló wá ṣèrànwọ́? Ní New York, ìyá kan tó ń jẹ́ Lillian Wald kó àwọn nọ́ọ̀sì jọ. Wọ́n lọ bá àwọn àlejò nínú yàrá wọn, wọ́n tọ́jú wọn, wọ́n fún wọn lóúnjẹ. Ìwé ìkìlọ̀ sì wà ní èdè Ítálì àti ní Yídíìṣì, èdè àwọn Júù, kí kálukú lè kà á ní èdè tó gbọ́.

Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àlejò tó wà ládùúgbò, ará ilé wa ni.

Nítorí náà, bí àrùn bá dé, tí ẹnì kan sì ní, “Àwọn àlejò yẹn ló kó o wá,” ẹ bi í pé, “Ta ló rí wọn?” Ẹ lọ ka ìwé ìkìlọ̀ tí ilé ìwòsàn lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí àlejò kò bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ kà á fún un. Ìdí tí a fi kọ́ A, B, D nìyẹn.