Delta Wo Lẹ Ń Wí?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Sókótó, ní àdúgbò Gidan Igwai

 

Ní oṣù keje ọdún 2021, àjọ NCDC kéde pé ẹ̀yà àrùn Kòrónà kan tó ń jẹ́ Delta ti wọ Nàìjíríà. Orúkọ yẹn kì í ṣe àjèjì sí etí wa. Ìpínlẹ̀ Delta wà, Niger Delta wà, bàálù Delta sì ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Atlanta. Ẹni tó bá kàn gbọ́ fìrí lórí rédíò lè rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni bí orúkọ lẹ́tà kan ṣe dé ara gbogbo nǹkan wọ̀nyí, àti ìdí tí ọ̀kan nínú wọn fi kan àwa tí a ń gbé ní Sókótó gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí òkun la máa ń rò pé ó wà.

Àwọn ará Gíríìkì ní lẹ́tà mẹ́rìnlélógún. Delta ni ìkẹrin, igun mẹ́ta ni wọ́n sì máa ń fi kọ ọ́: Δ. Ọwọ́ àwọn ará Fòníṣíà ni wọ́n ti yá a, àwọn ìyẹn ń pè é ní dalet. Ìdílé kan náà ni dāl ti wá, èyí tí àwọn ọmọ ilé-kéwú ń kọ sórí wàláà nílùú yìí láràárọ̀. Nítorí náà, kí òyìnbó àkọ́kọ́ tó tẹ Sókótó, ìbátan lẹ́tà yìí ti ń gbé níbí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè dá ọ̀rọ̀ kan dúró. Ìbátan yàtọ̀ sí ìjọra. Alpha Oumar Konaré ṣe ààrẹ Máálì láti 1992 sí 2002, Alpha Condé náà ṣe ti Gínì. Alpha tiwọn kì í ṣe lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ti Gíríìkì rárá. Oyè onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni, ọ̀kan náà pẹ̀lú ààfáà tiwa. Ní Lekki, lÉkòó, àwọn ará abúlé kan ń pe ìlú wọn ní Òkun Alfa. Àwọn tó ń lọ ṣe fàájì létí omi níbẹ̀ ń pè é ní Alpha Beach. Ẹ kò rí i bí sípẹ́lì ṣe sọ abúlé di ti Gíríìkì!

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí Delta. Ti àrùn ló rọrùn jù láti tú. Kí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tó gbé ètò tuntun kalẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2021, orúkọ ìlú tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ rí ẹ̀yà àrùn náà ni ayé fi ń pè é: ti Íńdíà, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Gúúsù Áfíríkà. Àbùkù ni fún ẹni tó ni ìlú. Orílẹ̀-èdè tó bá yára yẹ àrùn náà wò lára àwọn èèyàn rẹ̀ tó sì yára sọ òótọ́ ni orúkọ burúkú yóò lẹ̀ mọ́. Èyí kan Nàìjíríà, torí pé nígbà tí wọ́n rí ẹ̀yà B.1.525 ní ìparí ọdún 2020, Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí ó ti kọ́kọ́ hàn. Àwa náà sì ní ojú tí a fi ń wò ó: Ẹdẹ ni yàrá ìwádìí ACEGID wà, ní Redeemer's University, níbi tí Christian Happi àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti tú àkójọ àbùdá kòkòrò Kòrónà ní oṣù kẹta ọdún 2020, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Lẹ́tà Gíríìkì ló gbà wá. Wọ́n pe B.1.525 ní Eta, a sì bọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fo Nu àti Xi, wọ́n bọ́ sórí Omicron, nítorí pé èkíní dún bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, èkejì sì jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Delta ti àrùn kò ní igun mẹ́ta kankan lára. Orí ìlà ló ti bọ́ sí ipò kẹrin, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti bàálù, ó yá orúkọ ni. Iléeṣẹ́ tó ń fi bàálù fọ́n oògùn kòkòrò sórí oko òwú ni wọ́n ní ọdún 1924. Ní 1928 ni wọ́n sọ ọ́ ní Delta, láti ara ilẹ̀ Mississippi Delta tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ilẹ̀ òwú yẹn kò sí létí òkun rárá. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ láàárín odò méjì ni, ó jìn sí ibi tí Mississippi ti wọ òkun. Yíyá orí yíyá ni orúkọ náà fi dé orí bàálù tó ń balẹ̀ ní Ìkẹjà.

Bí ẹ bá ń lọ sílé lẹ́yìn ìjókòó yìí, ẹ gbójú sókè wo tíránsífọ́mà àdúgbò. Wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná wọ̀ ọ́, mẹ́rin ló ń jáde. Lápá ibi tí iná ti ń wọlé, wọ́n so wáyà wíwé mẹ́ta orí sí ìdí, orí sí ìdí, títí ó fi di igun mẹ́ta. Delta ni àwọn oníná ń pè é. Lápá ibi tó ti ń jáde, ìràwọ̀ ni wọ́n so ó. Láti àárín ìràwọ̀ yẹn ni wáyà kẹrin ti wá. Èyí kò yá orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìrísí rẹ̀ ló fi gbà á. Ti odò náà, ìrísí rẹ̀ ló fi gbà á, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ jókòó.

Herodotus, òpìtàn Gíríìkì tó gbé ayé ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, bá a pé àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń pe ìsàlẹ̀ Íjíbítì ní Delta, nítorí ibẹ̀ ni Náìlì ti pín ẹsẹ̀ tó sì fẹ̀ títí dé òkun. Lórí àwòrán ilẹ̀ òde òní, Náìlì ń ṣàn lọ sí àríwá, nítorí náà dídojúdé ni lẹ́tà rẹ̀ wà. Tiwa ló dúró bó ṣe yẹ: ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, nísàlẹ̀ Abọ́, níbi tí Odò Ọya ti ya di Nun àti Forcados, ìdí rẹ̀ fẹ̀ sílẹ̀ létí omi iyọ̀.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí gbogbo ìrísí yẹn papọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ òyìnbó ti ń ná ọjà ní Bonny, ní Brass, ní Forcados, tí wọ́n rò pé odò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìdí lẹ́tà ni wọ́n ń wò, wọn kò mọ̀ pé ó ní ṣóńṣó. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbà pé omi kan náà ni ni James MacQueen, ọ̀gá oko ìrèké ní Grenada, tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí. Ó tẹ èrò rẹ̀ jáde ní 1816 àti 1821, ẹnu àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti apá Odò Ọya ló sì ti gbọ́ apá kan ohun tó kọ.

Sókótó ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù lọ. Ní 1824, Hugh Clapperton dé síhìn-ín wá kí Sultan Muhammadu Bello, ó sì béèrè ibi tí odò ńlá náà parí sí. Ìwé tí Clapperton kọ sọ pé Sultan fi ọwọ́ fa ipa odò náà sórí yanrìn, ó ní ó wọ òkun ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní Funda. Ṣùgbọ́n àwòrán tó gbà lọ́wọ́ Sultan lórí ìwé sọ pé odò náà lọ títí dé Íjíbítì, pé òun gan-an ni Náìlì. Àwọn òpìtàn ti ń jiyàn lórí èyí tipẹ́. Èrò tèmi ni pé Bello kò ṣi ọ̀nà. Ọba tó mọ iye ilẹ̀ rẹ̀ kì í júwe ẹnu odò fún àlejò tó ń wá ibi tí ọkọ̀ yóò gbà wọlé.

Clapperton tún padà wá. Àgbádárìgì ló gbà wọlé ní ìparí 1825, ó gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, ó kí Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó sì kú síhìn-ín ní oṣù kẹrin ọdún 1827. Ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, ló padà sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John ní oṣù kẹta ọdún 1830. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi láti Bussa, wọ́n kó sọ́wọ́ àwọn tó mú wọn nígbèkùn lójú omi, wọ́n bọ́ sí òkun ní Brass ní oṣù kọkànlá. Láti ìgbà yẹn ni òyìnbó ti lè ya Δ sórí àwòrán ilẹ̀ wa.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sí mi dáadáa, torí ohun tó kù kò sí nínú ìtàn òyìnbó. Odò Ọya ń kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní Kainji. Àwọn onímọ̀ omi ń pè é ní ìkún funfun àti ìkún dúdú. Òkè Futa Jallon ní Gínì ni ìkún dúdú ti ń bọ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti fẹ̀ káàkiri ilẹ̀ àbàtà ní Máálì, lágbègbè Mopti, níbi tó ti sọ amọ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní delta, bí kò tilẹ̀ sí òkun nítòsí. Omi tó kọjá níbẹ̀ kì í gbé amọ̀ púpọ̀ mọ́, ó mọ́, ìyẹn ló fi dúdú lójú. Ìkún funfun ńkọ́? Àwọn odò itòsí ló ń gbé e wá lásìkò òjò, oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó pọ̀. Olórí láàárín wọn ni Rima àti odò Sókótó, tí wọ́n pàdé nítòsí ìlú yìí, tí wọ́n gba Argungu àti Birnin Kebbi kọjá lọ bọ́ sínú Odò Ọya.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rí omi ẹlẹ́rẹ̀ yẹn lójú afárá lásìkò òjò, ilẹ̀ gúúsù lẹ ń wò tó ń rìn lọ. Mi ò sọ pé Sókótó nìkan ló kọ́ ọ o. Amọ̀ tí Benue ń gbé wá ní Lọ́kọ́já pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ipa tiwa wà níbẹ̀, kò sì kéré.

Ẹ wá wo bí òfin ṣe ya Delta tirẹ̀. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Delta sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Asaba ni olú-ìlú rẹ̀. Asaba wà lókè ṣóńṣó delta, odò kò tíì pín níbẹ̀. Nun, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ méjèèjì, Ìpínlẹ̀ Bayelsa ló ń gbà kọjá. Ní ọdún 2000, òfin tó dá NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, sílẹ̀ ka ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án mọ́ Niger Delta. Ondo wà níbẹ̀, nítorí epo tó wà ní etí òkun Ìlàjẹ. Abia àti Imo náà wà níbẹ̀. Odò Ọya kò dé ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ wọn. Epo rọ̀bì ló ya àwòrán yẹn, kì í ṣe omi. Mi ò bá wọn du ú. Ìyà tí epo tó ń dà sómi ń fi jẹ àwọn apẹja Ìlàjẹ kò kéré sí ti àwọn Ijaw, ìgbìmọ̀ Willink, tó wádìí ẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké, sì ti sọ ní 1958 pé àgbègbè náà nílò ìtọ́jú ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbára lé àwòrán òfin láti mọ ohun tó ń gbé delta ró yóò wo ibi tí kò yẹ.

Ohun tó ń gbé e ró ni amọ̀. Gbogbo ilẹ̀ tí odò fi amọ̀ kọ́ ló ń rì díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, amọ̀ ọdọọdún ló ń gbé e sókè padà. Wọ́n parí dáàmù Kainji ní 1968, Bakolori ní 1978, Goronyo ní 1984. Ẹ̀yìn wọn ni ẹrẹ̀ wa ń dúró sí báyìí. Dáàmù náà ní àǹfààní, mo mọ̀; iná àti omi oko ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbẹ̀ Bakolori tí wọ́n pa ní 1980, nígbà tí wọ́n ń jà fún ilẹ̀ wọn, san owó rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni ní gúúsù tó san.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún pe ìpàdé lórí bí òkun ṣe ń jẹ etí ilẹ̀ Niger Delta, mo fẹ́ kí àjọ Sokoto-Rima, tó ń mójú tó omi odò méjèèjì, gbé ìwé tiwọn lọ síbẹ̀: iye amọ̀ tó ti kún ẹ̀yìn Goronyo àti Bakolori láti ìgbà tí wọ́n ti sé omi. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì Usmanu Danfodiyo lè bẹ̀rẹ̀ sí wọn ọ́n láti àsìkò òjò tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó gbé e wá.