Ìrìn-Àjò Afẹ́ sí Ìlú Lisbon

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wo ètò yìí, ìlú Lisbon, olú-ìlú ilẹ̀ Potogí, ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀bá odò ńlá kan tí ń jẹ́ Tejo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí, níbi tí odò náà ti ń wọ inú òkun. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé orí òkè méje ni ìlú àwọn wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìbàdàn ti ń sọ nípa tiwọn. Ẹni tí ó bá sì ti fi ẹsẹ̀ gun Òkè Màpó rí yóò mọ irú ìrìn tí ń dúró de òun. Ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni orúkọ Lagos tí a fi ń pe Èkó ti wá. Adágún omi ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn.

Kí àlejò tó ṣe ohunkóhun, ó dára kí ó kọ́kọ́ gun òkè lọ sí ilé-olódi São Jorge. Láti orí odi rẹ̀ ni yóò ti rí àwọn òrùlé pupa, odò tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ, àti afárá gígùn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1966. Ó lé ní irinwó ọdún tí àwọn Mùsùlùmí fi jọba níbẹ̀ kí Ọba Afonso Henriques tó gba ìlú náà lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1147. Ní ẹsẹ̀ òkè yìí ni àdúgbò Alfama wà, tí orúkọ rẹ̀ ti inú èdè Lárúbáwá wá. Àwọn ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, wọ́n lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, àtẹ̀gùn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọn a máa kọ fado ní àwọn ilé oúnjẹ, orin tí ó kún fún àárò ẹni tí ó lọ tí kò dé. Kò pọn dandan kí ènìyàn gbọ́ èdè Potogí kí orin náà tó wọ̀ ọ́ lára.

Ṣùgbọ́n bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ dé àárín ìlú, ní Baixa, yóò rí i pé ohun gbogbo yí padà. Àwọn òpópónà ibẹ̀ tọ́ bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n, àwọn ilé sì ga dọ́gba. Ìdí abájọ ni pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755, ọjọ́ àjọ̀dún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́, ilẹ̀ mì tìtì. Ilé wó lu ènìyàn. Àwọn tí orí kó yọ sá lọ sí etí odò, níbi tí kò sí ògiri tí yóò wó lù wọ́n. Omi fà sẹ́yìn, ó sì padà dé pẹ̀lú ìgbì tí ó gbá ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Àbẹ́là orí pẹpẹ àti iná ìdáná ran ilé, ìlú sì jó fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ṣòfò.

Ìjòyè ọba tí ó gba àkóso nígbà náà ni ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Marquês de Pombal. Kò gbà kí wọ́n tún ìlú náà kọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ fi igi ṣe férémù bí àgò sínú ògiri, kí ilé lè mì láìwó. Ìtàn sọ pé àwọn ọmọ-ogun ni wọ́n ní kí ó máa fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ yí àpẹẹrẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ ká láti dán an wò. Orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ àwọn òpópónà: ti wúrà, ti fàdákà, ti àwọn oníbàtà. Wọn kò dá òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Carmo padà títí di òní, ojú ọ̀run ni àjà rẹ̀. Olùkọ́ jọ́gíráfì tí ó bá dúró nínú rẹ̀ kò tún nílò àwòrán fún ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Belém ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sáré lọ. Ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Jerónimos, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọdún 1501, wà níbẹ̀, sàréè Vasco da Gama sì wà nínú rẹ̀. Kò sí àní-àní pé ilé náà rẹwà. Òkúta rẹ̀ dà bí aṣọ léèsì. Àkàrà òyìnbó ẹlẹ́yin tí wọ́n ti ń tà nítòsí ibẹ̀ láti ọdún 1837 náà dùn. Létí odò ni ọwọ̀n ńlá kan wà, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 1960 ní ìrísí ọkọ̀ ojú omi, tí ère àwọn awakọ̀, ọba àti àlùfáà Potogí tò sí i. Kò sí ère ọmọ Áfíríkà kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni owó òde tí wọ́n gbà lórí òwò Áfíríkà àti ti Ìlà-Oòrùn wà lára owó tí wọ́n fi kọ́ Jerónimos.

Nítorí náà, ó yẹ kí ọmọ Áfíríkà tí ó bá dé Lisbon béèrè ọ̀nà Rua do Poço dos Negros, èyí tí ó túmọ̀ sí Òpópónà Kànga Àwọn Adúláwọ̀. Kò jìnnà sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní ọdún 1515, Ọba Manuel pàṣẹ kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn kan tí wọn yóò máa ju òkú ẹrú sí, nítorí pé àwọn olówó wọn ń sọ òkú wọn sórí ààtàn, ajá sì ń jẹ ẹ́. Kòtò yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn so orúkọ òpópónà náà mọ́. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún náà, nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ń gbé ìlú yìí, ẹyọ kan jẹ́ ẹrú. Àwọn ilé oúnjẹ àti ìsọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn tí ń jókòó mu kọfí kì í sì í sábà béèrè ohun tí orúkọ náà dúró fún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1944, ìjọba Potogí dá ilé kan sílẹ̀ ní Lisbon fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti àwọn ilẹ̀ abẹ́ àkóso rẹ̀ wá, kí ó lè máa ṣọ́ wọn. Inú ilé náà gan-an ni àwọn bí Amílcar Cabral, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, àti Agostinho Neto, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ti ń gbèrò òmìnira. Ìjọba tì í pa ní ọdún 1965, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ogun Áfíríkà ni ó sú àwọn ọmọ-ogun Potogí fúnra wọn tí wọ́n fi dìtẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1974. Ní gbàgede Carmo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní òrùlé yẹn, ni olórí ìjọba ti juwọ́ sílẹ̀, tí àwọn ará ìlú sì ń fi òdòdó pupa há ẹnu ìbọn. Nígbà tí ó fi di òpin ọdún 1975, Àǹgólà, Mozambique, Cape Verde àti Guinea-Bissau ti di òmìnira.

Ẹ̀wọ̀n Aljube, níbi tí wọ́n ti máa ń fìyà jẹ àwọn alátakò ìjọba náà, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 2015. Ẹ̀gbẹ́ kàtídírà ni ó wà, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 28 sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Jerónimos kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Òkúta kéékèèké ni wọ́n fi tẹ́ ẹ̀bá títì káàkiri ìlú, ó sì máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀, nítorí náà kí àlejò wọ bàtà tí ó ní eyín.